Ẹ jẹ́ kí àpótí bátìrì yín mí

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni mẹ́ta ló pè mí pé bátìrì sólà tó ń gbé kámẹ́rà ìta àwọn ti wú. Ohun kan náà ni mo bá lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àpótí irin dúdú nínú oòrùn, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò rẹ̀ pa. Wọ́n ní nítorí òjò ni. Nínú oṣù kẹta, ní Ìlọrin!

N kò ní sọ ti fíúsì. Ẹni tó bá ti ra bátìrì, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ooru ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ọ̀pọ̀ bátìrì lítíọ́mù ni kò gbọdọ̀ gba iná sára bí ó bá ti gbóná kọjá 45°C. Afẹ́fẹ́ ìta nìkan máa ń kọjá 35°C lásìkò yìí, àpótí dúdú inú oòrùn á sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀sán gangan tí pánẹ́ẹ̀lì ń rọ́ iná wọlé jù náà ni inú rẹ̀ ń gbóná jù. Ti bátìrì olómi tún ń bà mí lẹ́rù, torí ó ń tú gáàsì háídírójìn bó bá ń gba iná. Bí gáàsì yẹn bá ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú àpótí, tí wáyà kan wá ta pàrà, ó bú nìyẹn.

Ògiri tó kọjú sí àríwá ni kí ẹ kan àpótí náà mọ́. Látoṣù kẹwàá wọ oṣù kẹta, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán ń gbà lọ́dọ̀ wa, òjìji á bò ó. Ẹ lu ihò sísàlẹ̀, ẹ lu òmíràn sókè lábẹ́ etí ìdérí, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n nítorí ọmọ́nlé. Èyí tí mo kàn báyìí ní Ọ̀fà ti rí òjò ọdún mẹ́fà, omi ò kán sí i rí.

Àwọn afiṣẹ́ṣeré ló ń bí mi nínú jù. Lọ́dún tó kọjá, ní Gáà-Akànbí, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì kan ń gé iná lọ́sàn-án nítorí ooru. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe! Ọmọkùnrin tí wọ́n pè tú u dànù, ó so wáyà pọ̀ tààrà. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó fi bú. Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá onílé ní ọwọ́ ayé ni. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ wá wo ibí yìí." Wáyà méjì tó lọ́ pọ̀ rèé, téèpù dúdú ara wọn ti yọ́ bí òrí. Lábẹ́ àpótí náà ni ẹní tí àwọn ọmọ-ọmọ bàbá máa ń jókòó lé kéwú wà. Ẹyin iná ti jó o níhò níhò.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló bú. Wọn kì í kéwú lọ́jọ́ náà.