Yùréníọ̀mù wọ́n bí ojú, kí ló wá dé tí ìpín àwọn tó fẹ́ wà á ní Niger wà ní owó pọ́ọ́kú?

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ló fi wọ́ọ̀tísáàpù jí mi láàárọ̀ Sátidé. Ó rí ìpín (ṣíà) GoviEx lórí áàpù ẹ̀, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Kánádà kan tó fẹ́ wa yùréníọ̀mù, ohun inú ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe iná núkílíà. Orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti fẹ́ wà á, ìjọba sì ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ wọn. Owó ìpín náà ò tó owó ife gààrí kan. Ìbéèrè ẹ̀ àti èsì mi rèé, ọ̀rọ̀ ẹbí nìkan ni mo yọ kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n ní ìwọ̀n páùn kan yùréníọ̀mù kọjá 100 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn tó nilẹ̀ ẹ̀ ní Niger wá ń ta ìpín bí ẹni ta ẹ̀pà. Ṣé àǹfààní kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Káàárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìbéèrè ẹ tó ti ṣì ẹ́ lọ́nà, o ní "àwọn tó nilẹ̀". Wọn ò nilẹ̀ jàre. Ṣé o rántí àwọn tó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láyé àwọn bàbá wa, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún? Kòkó tí wọ́n gbìn tiwọn ni, ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, ọjọ́ tí onílẹ̀ bá bínú ẹjọ́ dé nìyẹn. Bí ilé iṣẹ́ tó ń wa nǹkan nínú ilẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Ìjọba ló ni ohun tó wà nísàlẹ̀, ìwé àṣẹ nìkan ló wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, ìwé yẹn sì ní àdéhùn àti gbèdéke lára. Wọ́n ti wá gbàwé ti àwọn tó o ń wò yìí, nítorí náà ohun tí wọ́n ń tà fún ẹ kì í ṣe yùréníọ̀mù mọ́, ẹjọ́ ni wọ́n ń tà fún ẹ.

Ìbéèrè: Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Mo kàn gbọ́ pé àwọn sójà gbàjọba ni.

Ìdáhùn: Oṣù Keje 2023 làwọn sójà lé Ààrẹ Bazoum kúrò. ECOWAS ní kí wọ́n ti bọ́dà, Benin náà ti tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ Kútọnu ni yùréníọ̀mù Niger ń gbà dé ojú òkun láti ọjọ́ yìí wá. Ìyẹ̀fun yẹ́lò tí wọ́n ń rí lára òkúta yẹn wá ń ga bí òkìtì ní Arlit, ìlú tí wọ́n ti ń wà á, tírélà ò rọ́nà gbé e. ECOWAS tú ìfìyàjẹ yẹn ká ní oṣù Kejì 2024, síbẹ̀ àwọn sójà Niger fúnra wọn ò ṣí bọ́dà tiwọn pẹ̀lú Benin, torí wọn ò fọkàn tán àwọn ará ibẹ̀.

Ibi tó ti wá kan ìpín nìyí. Oṣù Kẹfà 2024, wọ́n gba ilẹ̀ Imouraren lọ́wọ́ Orano, ilé iṣẹ́ tí ìjọba Faransé ni 90% ẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba Madaouela lọ́wọ́ GoviEx, ará Kánádà tó o ń bi mí léèrè yẹn. Nígbà tí ọdún fi máa parí, Orano ní àwọn ò láṣẹ mọ́ ní Somaïr, ilé iṣẹ́ tó ń wa yùréníọ̀mù ní Arlit, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ni 63.4% ẹ̀, Niger ni 36.6%. Oṣù Kẹfà 2025 ni ìjọba wá kéde pé gbogbo Somaïr ti di tàwọn.

Ìbéèrè: Ìwà olè nìyẹn ṣá.

Ìdáhùn: Fara balẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ìjọba sójà, ṣùgbọ́n mi ò lè bú Niger tán. Láti 2009 ni láísẹ́ǹsì Imouraren ti wà lọ́wọ́ àwọn Faransé, ó sì wà lára àwọn ibi tí yùréníọ̀mù pọ̀ sí jù láyé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ iná núkílíà Fukushima bàjẹ́ ní Japan ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé iṣẹ́ iná tiwọn, owó yùréníọ̀mù já wálẹ̀ títí tó fi wọ abẹ́ 20 dọ́là ní 2016, Orano sì káwọ́ gbera. Wọ́n jókòó ti ilẹ̀ náà. GoviEx náà gba ìwé Madaouela ní 2016, wọ́n ń wá owó kiri. Ìjọba wá ní gbèdéke ti pé, ẹ ò wà á, ẹ kúrò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní ta ló máa wa ohun tó máa fi pàdánù? Àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ ẹ̀ ò fi lè tètè parí.

Ìbéèrè: Mo kà á pé wọ́n ti pe Niger lẹ́jọ́ lágbàáyé. Tí wọ́n bá jàre, ṣé owó ò ní kan èmi tí mo ra ìpín ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, Orano àti GoviEx ti lọ sí ICSID, ìgbìmọ̀ onílàjà Báńkì Àgbáyé ní Washington. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ọ̀tọ̀, owó ọ̀tọ̀. Oṣù Kẹsàn-án 2025 ìgbìmọ̀ yẹn ní kí Niger má ta ìyẹ̀fun tó wà ní Somaïr, kó tó ìparí oṣù Kọkànlá tírélà ti kó o kúrò ní Arlit. Ta ló fẹ́ lọ mú wọn?

Ṣé o rántí P&ID? Ilé iṣẹ́ gáàsì nìyẹn, kì í ṣe ti yùréníọ̀mù, Nàìjíríà ni wọ́n sì pè lẹ́jọ́ ní London. Wọ́n dá wọn láre ní 2017, 6.6 bílíọ̀nù dọ́là, èlé sọ ọ́ di 11 bílíọ̀nù. Oṣù Kẹwàá 2023 ni kóòtù London wá wọ́ gbogbo ẹ̀ nù torí jìbìtì àti rìbá ló wà nídìí ẹ̀. Inú àwa dùn, ṣùgbọ́n wo ẹni tó ti ń ka owó yẹn sọ́kàn.

Ó dáa, ká ní wọn ò ṣe jìbìtì kankan. Wo Crystallex, ilé iṣẹ́ góòlù Kánádà tí Venezuela gba Las Cristinas lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2011. Kí ọdún yẹn tó parí gbèsè ti mù wọ́n dé ọrùn, wọ́n lọ yáwó kí wọ́n lè máa ja ẹjọ́. Ní 2016 ICSID ní kí Venezuela san 1.2 bílíọ̀nù dọ́là fún wọn pẹ̀lú èlé, títí wọ 2025 wọ́n ṣì ń lé ìpín ilé iṣẹ́ tó ni Citgo, ilé iṣẹ́ epo Venezuela tó wà ní Amẹ́ríkà, ní kóòtù Delaware. Tí owó bá sì dé, lọ́yà àti ẹni tó yá wọn lówó ló máa kọ́kọ́ bù ú, ẹni tó nìpín ló máa fọwọ́ nu abọ́.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí ẹnì kankan ní Niger tí wọn ò fọwọ́ kàn ni?

Ìdáhùn: Ó wà. Global Atomic, ará Kánádà náà, tó ń gbẹ́ ilẹ̀ Dasa. Ní 2024 tí wọ́n ń gba tàwọn yòókù wọn ò gba tiẹ̀. Síbẹ̀ wo ohun tó ṣe wọ́n: wọ́n ń retí kí báńkì ìdàgbàsókè ìjọba Amẹ́ríkà yá wọn lówó, ọjọ́ tí wọ́n dá ń kọjá, owó ò dé, iṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ dúró, ni wọ́n bá ń tẹ ìpín tuntun tà léraléra. Àlejò ń pọ̀ sí i, wọ́n ń bu omi sọ́bẹ̀. Tìẹ ò kúrò lọ́wọ́ ẹ o, ó kàn ń ṣàn ni. Èyí ló ń pa àwọn oníìpín kéékèèké ju ìjọba lọ, wọn kì í sì gbé e síwájú ìwé ìròyìn.

Ìbéèrè: Ṣé kí n má rà á nìyẹn?

Ìdáhùn: Owó ẹ ni. Tó o bá fẹ́ rà á, ka ìwé ìṣirò wọn kó o tó tẹ nǹkan kan, wo iye owó tó kù nílẹ̀ àti iye tí wọ́n ń ná lóṣù, wo ẹni tó ń sanwó lọ́yà, wo bóyá wọ́n ní ilẹ̀ míì. GoviEx ní Muntanga ní Zambia, ibẹ̀ ni wọ́n kọjú sí lẹ́yìn tí wọ́n gba Madaouela, ìyẹn ni mo lè pè ní ìdókòwò, ti Madaouela yẹn tẹ́tẹ́ ni. Má fi owó rẹ́ǹtì ta á.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin náà ńkọ́ sà, ṣé ẹ ti ra irú ẹ̀ rí?

Ìdáhùn: Mo ti rà á rí o. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, kì í ṣe Niger, òfin orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ló yí padà lórí wọn. Ó ṣì wà lórí áàpù mi, pupa ni gbogbo ẹ̀. Ìyàwó mi rò pé mo ti tà á.