Bí a ṣe ń mọ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ kọ́ńtírabáàsì àlòkù

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bénin, ibi tí wọ́n ti di ọjà sínú kọ̀ńtẹ́nà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè ní ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kọ́ńtírabáàsì, gòjé gàgàrà tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní double bass, kò yọ sílẹ̀. Tó bá ti ti Faransé gba èbúté Kútọnu wọlé, "ti Faransé ni" lẹni tó ń tà á máa wí. Lóòótọ́, Faransé ló ti wọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ Jámánì ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, kí ẹgbẹ́ olórin kan ní Lyon rà á, kó lo ogójì ọdún lọ́wọ́ wọn kó tó di tòkunbọ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ sí i nínú sì tún ń parọ́ ju ẹni tó ń tà á lọ. Ara igi là ń bi léèrè. Ohun tó ṣòro jù láti pààrọ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ́rìí, ohun tí ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún á dúró dìgbà tó bá kàn án.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá pákó gidi ni wọ́n gbẹ́, àbí pílaíwúùdù ni wọ́n tẹ̀. Etí ihò méjì tó rí bíi lẹ́tà f níwájú rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí, torí ibẹ̀ ni igi ti là sílẹ̀ gbalaja. Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ tí a rí ìpele tín-ín-rín lórí ara wọn, tí ọ̀kan nà gbọọrọ tí èkejì dábùú, pílaíwúùdù ni. Bí ìlà igi bá ti òde wọ inú láìyẹsẹ̀, gbígbẹ́ ni. Àwọn kan máa ń fi ọ̀dà dúdú kun etí ihò yìí, kò sì sí ohun téèyàn lè rí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ó wá wò: kókó tàbí àbàwọ́n igi tó bá hàn lóde gbọ́dọ̀ hàn nínú ní ojú kan náà.

Tó bá jẹ́ pílaíwúùdù, ọ̀rọ̀ ti rọrùn díẹ̀. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ni, kì í sì í ṣe ohun àtayébáyé, ohunkóhun tí ìwé inú rẹ̀ ì báà sọ. Ilé-iṣẹ́ Kay ti Chicago ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1937, nọ́ńbà tó sì wà nínú rẹ̀ lè tọ́ka sí ọdún tí wọ́n ṣe é. Àwọn ará Jámánì ṣe pílaíwúùdù náà, àwọn ará Ròmáníà ṣe é, láti bí ọdún 1990 síwájú sì ni ti Ṣáínà ti gba ìgboro kan. Orúkọ tó máa ń wà lára ti Ṣáínà kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe é. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó tà á ni.

Ti gbígbẹ́ ló ń gba sùúrù. Ihò f kò gba ọwọ́ àgbàlagbà, àmọ́ ó gba dígí kékeré tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò, ó sì gba kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń yọjú wo inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà o. Ọ̀pá kékeré kan dúró nínú rẹ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, gọ́ọ̀mù kankan ò mú un, okùn tó fún ló jẹ́ kó dúró. Tó bá ṣubú, ó di wàhálà mìíràn.

Nínú ibẹ̀, igun ni ká wò. Àwọn oníṣẹ́ Mirecourt, ìlú àwọn agbẹ́gòjé ní ẹkùn Vosges ní Faransé, sábà máa ń fi ìtì igi kékeré ki igun kọ̀ọ̀kan láti inú. Ní Markneukirchen ní Saxony, ní Jámánì, àti ní Schönbach tó wà lódìkejì ààlà ní Bohemia, tó jẹ́ ilẹ̀ Czech báyìí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni kò ní ìtì yìí rárá. Pákó ẹ̀gbẹ́ méjì á kàn foríkorí, gọ́ọ̀mù á dì wọ́n pọ̀. Ojú irinṣẹ́ náà ń sọ̀rọ̀: iṣẹ́ àtijọ́ tó jẹ́ ti ọjà sábà máa ń ní ipa ọ̀bẹ ìgbẹ́gi nínú, kò sẹ́ni tó ráyè dán ibi tí oníbàárà ò ní rí.

Kí ló dé tí wọn ò ráyè? Bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ ní àgbègbè Saxony àti Bohemia yẹn ni. Ilé kan ń gbẹ́ ọrùn, ilé kejì ń kan ara, ilé mìíràn ń kun ún, oníṣòwò kan á wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, á sì fi ránṣẹ́ sókè òkun. Ta wá ni a fẹ́ pè ní ẹni tó ṣe é? Ẹni tó bá ń wá orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wá ohun tí kò sọnù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n lé àwọn Jámánì kúrò ní Schönbach, tó ń jẹ́ Luby báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbẹ́gòjé sì lọ tẹ̀dó sí Bubenreuth ní Bavaria. Bí ọwọ́ kan náà ṣe di ti orílẹ̀-èdè méjì nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wá dúró sí Luby nígbà náà ń jẹ́ Cremona, orúkọ ìlú àwọn agbẹ́gòjé tó lókìkí ní Ítálì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí "Cremona" kó wá máa fò sókè pé òun ti rí iṣẹ́ Ítálì.

Orí rẹ̀ ńkọ́? Láàárín ọdún 1800 sí 1900, okùn mẹ́ta ni púpọ̀ nínú kọ́ńtírabáàsì Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ní. Nígbà tí okùn mẹ́rin gbòde, wọ́n dí ihò àtijọ́ tí èèkàn okùn ń wọ̀, wọ́n lu tuntun. Ihò tí wọ́n fi igi dí yìí jẹ́ ẹ̀rí tó dára, torí kò wọ́pọ̀ kéèyàn fi ṣe màgòmágó. Irin tí wọ́n fi ń fún okùn ò ṣeé gbára lé tó bẹ́ẹ̀, èèyàn lè rà á lọ́tọ̀. Ẹ wo ìdè rẹ̀ (screw): Henry F. Phillips gba ẹ̀tọ́ ìdè olórí àgbélébùú ní ọdún 1936, irú ìdè bẹ́ẹ̀ kò lè ti wà lára irin náà láti ọdún 1890. Ẹ tún wo abẹ́ irin náà. Bí ojú ìdè mìíràn bá wà níbẹ̀ tí kò bá ti ìsinsìnyí dọ́gba, wọ́n ti pààrọ̀ irin. Ọjọ́ orí irin nìkan nìyẹn, ti igi ṣì wà lọ́tọ̀.

Ó wá kan ìwé inú. Stradivari, agbẹ́gòjé Ítálì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, kú ní Cremona ní ọdún 1737, kò sì sí kọ́ńtírabáàsì kankan tó wà láyé lónìí tí àwọn onímọ̀ gbà pé òun ló ṣe é; ìwé tó bá ní orúkọ rẹ̀ ti parí ẹjọ́ ara rẹ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè ló wúlò jù níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1887 àti ti Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1891 ló mú kí àwọn oníṣòwò máa kọ ibi tí ọjà ti wá sí i lára. "Czechoslovakia" kò lè ṣáájú ọdún 1918, kò sì yẹ kó kọjá òpin 1992. "German Democratic Republic" bọ́ sáàárín 1949 sí 1990. Bí ọjà tí wọ́n bá kọ "Dahomey" sí lára ṣe ń fi ara rẹ̀ hàn pé òun ti wà ṣáájú kí orílẹ̀-èdè yìí tó di Bénin ní 1975 náà nìyẹn.

Fún èyí tó bá lówó lórí gan-an, ọ̀nà kan wà tó ju ojú lásán lọ: kíka ìlà ọjọ́ orí igi. Igi spruce tí wọ́n fi ń ṣe iwájú rẹ̀ máa ń fi ìlà kan kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún, ìlà fẹ̀ lọ́dún tó dára, ó sì ń fún lọ́dún tó le. Àwọn onímọ̀ á fi bó ṣe fẹ̀ tó wé ti àwọn igi tí wọ́n ti mọ ọdún wọn ní Yúróòpù. Ìlà tó kẹ́yìn ń sọ ọdún tí wọn ò tí ì gé igi náà. Bí ó bá jẹ́ 1894, tí ìwé inú sì ń pariwo 1850, kò sí àlàyé tó kù. Pílaíwúùdù kò gba irú ìwádìí yìí.

Ohun tó ń da gbogbo rẹ̀ rú jù ní ìlú etí ọ̀sà bíi Àjàṣẹ́ ni àtúnṣe. Ọ̀rinrin á mú igi wú, ọyẹ́ á dé, igi á gbẹ, á là. Gọ́ọ̀mù awọ ẹran tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é ṣeé fi omi gbígbóná tú, kí alátùn-únṣe lè ṣí i láìfọ́. Káfíńtà àga kò mọ̀yẹn. Á da gọ́ọ̀mù funfun sí i, á kan ìṣó, á wá fi fánísì ilẹ̀kùn pa á dán. Fánísì yẹn ló burú jù, ó ti bo àwọ̀ àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ yẹn wà lára ohun tí onímọ̀ ń wò. Àlẹ̀mọ́ ọ̀gànwó tàbí ìrókò nínú rẹ̀ kò fi hàn pé ìhín ni wọ́n ti ṣe é. Ìwòsàn tó gbà ní ìhín nìyẹn, ká sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Agbègbè àti sáà ni ìwádìí sábà máa ń já sí: Saxony tàbí Bohemia, ní nǹkan bí ọdún 1890 sí 1920, irin orí rẹ̀ kì í ṣe ti àtilẹ̀wá. Ìyẹn tó láti fi díye lé e. Bí ẹni tó ń tà á bá fa ìwé ẹ̀rí yọ, tó jẹ́ èdè Faransé, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú orúkọ ni ká kọ́kọ́ kà. "Attribué à" túmọ̀ sí pé wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ẹni náà. "Portant étiquette de" kò ṣe ìlérí kankan ju pé wọ́n rí orúkọ yẹn lórí ìwé tó wà nínú rẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta èyí tí kò ní orúkọ rárá náà ni ká san.