Awò tí iléeṣẹ́ tún ṣe kì í ṣe tòkunbọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹyẹ wíwò ní Àbújá, tó ń jí lọ sí etí adágún Jàbí, tàbí tó máa ń gba ọ̀nà Bauchi lọ sí Yankari, kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu àwọn èèyàn wa: "Tí awò rẹ bá bàjẹ́, má gba èyí tí iléeṣẹ́ tún ṣe lọ́wọ́ wọn o. Tuntun ni kó o gbà." Awò tí wọ́n ń sọ ni bàìnókúlà, olójú méjì tí a fi ń wo ohun tó jìnnà. Ìmọ̀ràn yẹn jọ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ awò gidi sílẹ̀, kí wọ́n wá kówó lé èyí tí kò lè ṣiṣẹ́.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ojú wa ti rí nǹkan lọ́wọ́ tòkunbọ̀. Bí olówó ṣe lo fíríìjì kù lókè òkun ni wọ́n ṣe kó o sínú kọ̀ntéènà. Kò sẹ́ni tó tú u, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti kú mọ́ lọ́wọ́ kò ní fẹ́ gbọ́ pé àlòkù kankan dára mọ́. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé a ń ka ọjà tí iléeṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ tú, tó tún ṣe, tó sì dán wò mọ́ tòkunbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo inú awò náà. Ọ̀pá méjì ló ní. Lẹ́ńsì ńlá wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ńsì kékeré wà níbi tí à ń fojú sí, àwọn dígí onígun tí wọ́n ń pè ní prism sì wà láàárín, àwọn ló ń dá àwòrán tó dojú dé padà sí bó ṣe yẹ. Ọ̀pá méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà láìyẹ̀. Tí awò bá já lulẹ̀ lórí àpáta lẹ́ẹ̀kan péré, prism kan lè yẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì ti tó. Àwòrán á di méjì. Tí kò bá tiẹ̀ hàn pé ó di méjì, ojú á máa fi agbára so wọ́n pọ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ojú àwọn ni kò dáa mọ́.

Nínú awò tó dára, gáàsì gbígbẹ bíi nitrogen ló wà nínú ọ̀pá náà, òrùka rọ́bà ló sì sé e mọ́bẹ̀ kí ìrì má baà dì sára dígí látinú. Tí rọ́bà yẹn bá gbó, gáàsì á jáde, ọ̀rinrin á wọlé. Lẹ́yìn náà lẹ́ńsì á bẹ̀rẹ̀ sí í bu bí búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀.

Nígbà tí iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ bá gba irú awò bẹ́ẹ̀ padà, wọ́n á tú u, wọ́n á fi ẹ̀rọ tò ó títí ọ̀pá méjèèjì á fi ríran síbì kan náà, wọ́n á pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n á sì rọ gáàsì tuntun sí i. Ẹnì kan ti fọwọ́ kan awò yẹn gan-an, ó sì ti fojú sí i kó tó jáde. Awò tuntun olówó pọ́ọ́kú tó ń jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kì í rí ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo "tuntun" tí wọ́n máa ń nà síni lọ́jà. Páálí rẹ̀ ń dán, wọ́n kọ 60x60 sára rẹ̀, lẹ́ńsì rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí awò yóò fi sọ nǹkan di ńlá; ìkejì ni fífẹ̀ lẹ́ńsì iwájú ní mìlímítà. Tí ẹ bá fi ìkíní pín ìkejì, ẹ ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú yín ṣe fẹ̀ tó. Ti 8x42 jẹ́ mìlímítà 5.25. Ti 60x60 jẹ́ mìlímítà 1 péré, tí ohun tí wọ́n kọ bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ọwọ́ ènìyàn kò sì lè di awò tó ń sọ nǹkan di ńlá tó bẹ́ẹ̀ mú kó dúró jẹ́ẹ́.

Pípọ́n lẹ́ńsì yẹn ló dùn mí jù. Ohun tó mú un pọ́n ni pé ó ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà síta, nítorí náà pupa tó ń dé ojú yín ti dín kù. Ní igbó Amurum ní Laminga, lẹ́bàá Jos, níbi tí ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis wà, ẹyẹ kékeré kan ń gbé láàárín àwọn àpáta. Rock firefinch ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1998 ni àwọn onímọ̀ tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Ẹ̀yìn akọ rẹ̀ pọ́n, nígbà tí ẹ̀yìn ìbátan rẹ̀, African firefinch, jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀. Ẹnu àwọn méjèèjì sì jọra. Ẹni tó rìnrìn àjò láti Àbújá dé Jos nítorí ẹyẹ yìí, tó wá gbé awò tó ń jẹ pupa mì dání, kí ló lọ wò?

Àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà bíi Vortex àti Leupold, tí wọ́n ń ṣe bàìnókúlà àti awò orí ìbọn, máa ń fi wáráńtì ayérayé sórí ọ̀pọ̀ nínú awò wọn. Ara ọjà ni wáráńtì náà so mọ́, kò so mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á, wọn kì í sì í béèrè rìsíìtì. Wọ́n lè tún un ṣe, wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ náà ń bẹ̀rù àtúnṣe lórí awò ìbọn wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú gáàsì àti rọ́bà bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tí tiwọn fi yàtọ̀ ni pé ìbọn máa ń ta padà, nítorí náà kí wọ́n yin ín wò lórí pápá kí wọ́n tó gbọ́kàn lé e.

Mi ò ní kí ẹ máa gba gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní àtúnṣe o. Tí ẹni tó tà á kò bá lè sọ ẹni tó tú u, tí kò sí wáráńtì kankan lórí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Awò tí wọ́n fi screwdriver tú lẹ́bàá títì ti pàdánù gáàsì inú rẹ̀, eruku ọyẹ́ sì ti wọlé. Ẹ tún ṣírò owó tí ẹ ó fi fi í ránṣẹ́ sókè òkun pẹ̀lú owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ awò olówó kékeré ni, ẹ má wulẹ̀ dáwọ́ lé e, ẹ fowó yẹn kún ti òmíràn.

Lọ́jọ́ tí àtúnṣe bá dé, ẹ gbé e sókè síbi ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, kó jìnnà sójú yín tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ó rí òbíríkítí ìmọ́lẹ̀ méjì. Tí etí wọn bá ní igun dúdú, prism rẹ̀ kò dára tó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú lẹ́ńsì ńlá, kí ẹ yọjú láti òdìkejì. Tí ẹ bá rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta ẹ̀ka, ó ti bu nìyẹn. Ẹ wá wo góńgó òpó tó jìnnà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tó bá di méjì, tàbí tí ojú bá ń fà yín, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lára awò náà sínú ìwé yín.