Ìdíje Intel àti AMD lójú àwọn olùdókòwò

Intel àti AMD jẹ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà méjì tó ti ń bára wọn figagbága fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún lórí ṣíṣe prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Robert Noyce àti Gordon Moore dá Intel sílẹ̀ ní 1968. Jerry Sanders àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá AMD sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ Fairchild Semiconductor ní Kalifọ́níà ni gbogbo wọn ti ṣiṣẹ́ rí.

IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ló so wọ́n pọ̀. Prósẹ́sọ̀ Intel ni IBM fi sínú kọ̀ǹpútà tó gbé jáde ní 1981, àmọ́ kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni òun yóò máa wò. Bí AMD ṣe gba àṣẹ láti máa ṣe irú rẹ̀ nìyẹn.

Fáktìrì ni àwọn olùdókòwò ń jiyàn lé lórí jù. AMD yọ ọwọ́ nínú fáktìrì tirẹ̀ ní 2009, ó sì wá ń gbé iṣẹ́ fún TSMC, ilé-iṣẹ́ kan ní Taiwan tó ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣe prósẹ́sọ̀. Intel di tirẹ̀ mú. Fún ọdún púpọ̀, àwọn tó ra ìpín Intel ló dà bíi pé wọ́n gbọ́n jù: èrè ń wọlé déédéé, nígbà tí ìpín AMD kan kò tó dọ́là méjì ní apá kan ọdún 2015. Lisa Su, tó di ọ̀gá àgbà AMD ní 2014, yí nǹkan padà pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ Ryzen ní 2017. Ní Intel, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fẹ́ máa gbà ṣe prósẹ́sọ̀ ń falẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó kéde ìdádúró mìíràn ní oṣù Keje 2020, ìpín rẹ̀ já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan. Ní oṣù Kejì 2022, àpapọ̀ iye ìpín AMD lọ́jà ju ti Intel lọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn náà kò tán, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Àwọn tó fara mọ́ AMD ń sọ pé owó ńlá tí fáktìrì ń gbé mì kò kàn án. Intel fúnra rẹ̀ dá sísan èrè orí ìpín dúró ní 2024. Àwọn tó dúró ti Intel ń dáhùn pé bí wàhálà bá dé bá Taiwan, AMD kò ní ibòmíràn tó lè tètè gbé iṣẹ́ lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà náà rí i bẹ́ẹ̀, ó sì gba nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún Intel ní oṣù Kẹjọ 2025.