Bí wọ́n ṣe sọ eré tó kún fún ọ̀rọ̀ di sinimá aláìlóhùn

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùdarí lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí pé, bí eré orí ìtàgé bá kún fún ọ̀rọ̀, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé e wọ sinimá? N kì í fẹnu dáhùn. Fíìmù kan ni mo máa ń gbé síwájú wọn: Lady Windermere's Fan (Abẹ̀bẹ̀ Lady Windermere), tí Ernst Lubitsch, ọmọ Jámánì, darí ní Hollywood ní 1925.

Sinimá ìgbà náà kò lóhùn. Bẹ́ẹ̀, eré Oscar Wilde ni Lubitsch mú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní London ní 1892, tó jẹ́ pé àpárá àti ọ̀rọ̀ mímú bí abẹ ni adùn rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá kọ gbogbo rẹ̀ sójú aṣọ sinimá kí èrò máa kà á. Lubitsch kó o dànù. Mo gbà fún un: ojú tó ń kàwé kò lè máa wo ojú òṣèré, àpárá tí a dúró kà sì ti tutù kí ẹ̀rín tó dé.

Kí ló wá fi dípò? Ojú ni. Nínú ìtàn náà, obìnrin kan, Mrs. Erlynne, ti fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ ní kékeré. Nígbà tó padà dé, ọmọ ti di aya ọlọ́lá, òun ni Lady Windermere, ó sì gbà pé ìyá òun ti kú. Wilde fi àṣírí yìí pamọ́ fún èrò ìwòran títí eré fi wọ àárín. Lubitsch tú u síta ní kùtùkùtù. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá ti wo ọmọ báyìí, ohun tí ọmọ ò mọ̀ ti yé àwa tí a jókòó.

Ìran pápá eré ẹṣin ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Kò sí nínú eré Wilde rárá. Ẹṣin ń sá, ṣùgbọ́n Mrs. Erlynne ni àwọn ọlọ́lá dojú awò wọn kọ, wọ́n ń wá àléébù lára rẹ̀. Bó ṣe ń jáde lọ, Lord Augustus, ọlọ́lá kan tí ọkàn rẹ̀ fà sí i, tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni òkùnkùn ń bo ẹ̀gbẹ́ àwòrán, tí ààyè ń há mọ́ wọn. (Mo ti jí ọgbọ́n yìí lò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.)

Ti abẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ọmọ gbàgbé tirẹ̀ sílé ọkùnrin kan, àwọn ọkùnrin rí i, ìyá sì yọjú, ó ní òun lòun mú un wá, ó gba ìtìjú náà sórí. Lórí ìtàgé, ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá kò ní rí abẹ̀bẹ̀ lórí àga bí òṣèré ò bá pariwo rẹ̀. Kámẹ́rà kàn lè sún mọ́ ọn ni.

Lẹ́yìn tí a wò ó tán, mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó ń sọ ohun tí ojú lè rí nínú ìran tí òun fúnra rẹ̀ kọ, kó sì yọ wọ́n kúrò. Ojú ìwé mẹ́jọ ni ìran rẹ̀ nígbà tó gbé e wá. Ó ku mẹ́ta.