Ẹni tó dúró létí kànga kì í ṣe ojo

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí omi kànga bá lọ sílẹ̀, ìròyìn kan wà tí kì í pẹ́ dé. Ẹnìkan wọ kànga láti kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ tàbí láti yọ pọ́ǹpù tó bàjẹ́, kò jáde. Ẹnìkejì sọ̀kalẹ̀ láti lọ gbé e, òun náà dákẹ́ síbẹ̀. Ẹnìkẹta, tó lè jẹ́ àbúrò ẹni àkọ́kọ́, tó sì lè jẹ́ ẹni tó kàn ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, bọ́ bàtà, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀lé wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òkú mẹ́ta ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì sì ti gba ẹnu gbogbo àdúgbò: pé iwin ń bẹ nínú kànga náà, àti pé àwọn tó dúró létí rẹ̀ tí wọn ò wọlé, ojo ni wọ́n.

Ti iwin kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹni tó gbà pé iwin ń gbé inú kànga kì í wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù iwin á ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ó máa ń jáde níbi ìsìnkú, ó máa ń jáde nínú mọ́tò, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ ló máa ń tẹnu mọ́ ọn jù: "Ṣé gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló ń wòran? Ayé ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó lè kú nítorí ẹlòmíràn mọ́." Bẹ́ẹ̀ èèyàn méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nítorí ẹlòmíràn lójú wọn ni.

Pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló pa wọ́n, kò yẹ ká tún máa jiyàn lé e lórí. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí lókè, ọ́síjìn kó nǹkan bí 21%. Ewé tó ń jẹrà nísàlẹ̀ kànga ń jẹ ẹ́, irin tó ń dógùn-ún ń jẹ ẹ́, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì, irú gáàsì tí àwa náà ń mí síta, tó ń ti inú ilẹ̀ jáde sì ń gba àyè rẹ̀. Èyí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àtààbọ̀, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí, ẹnu kànga kò sì fẹ̀ tó kí atẹ́gùn ráyè wọ ibẹ̀ lọ gbá a kúrò. Ti ṣáláńgá àti sọ́kàwéè tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí háídírójìn súlfáìdì, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bó bá kéré, imú á gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá pọ̀, imú á kú, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹni tó ń gbóòórùn tẹ́lẹ̀ á sì rò pé ó ti lọ. Ẹni tó bá rò pé afẹ́fẹ́ tí ojú ò rí kò lè pa èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó rántí adágún Nyos ní Kàmẹ́rúùnù, tí kò jìnnà sí ẹnubodè wa. Lálẹ́ 21 August 1986, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tú jáde nínú omi náà, ó rọra ṣàn gba àfonífojì lọ, ó sì pa èèyàn bí 1,700 pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn.

Títí dé ibí yìí, kò sẹ́ni tó máa ń bá mi jà. Ẹ sọ gbogbo èyí fún ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára, á gbà. Á wá ní: "Ó dáa, bí mo bá dé àárín tí mo rí i pé èémí fẹ́ máa tán, mo máa gòkè padà." Gbólóhùn yìí gan-an ló ń pa èèyàn. Ohun tó gbà ni pé ara máa ń kìlọ̀. Nínú irú afẹ́fẹ́ yìí, ara kì í sábà kìlọ̀.

Ẹ di imú àti ẹnu yín mú níbi tí ẹ jókòó sí. Láìpẹ́, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jà, gbogbo ara á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ mí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọ́síjìn tó ń tán ló ń fa ìnira yẹn. Òun kọ́ ni olórí ohun tó ń fà á. Kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tí ara fẹ́ tú dànù, tí kò rọ́nà jáde, ló ń pariwo. Níbi tí ọ́síjìn ti tán ṣùgbọ́n tí èèyàn ṣì ń mí sínú mí síta, ara ń rí ìdọ̀tí rẹ̀ tú dànù, kò sì sí ohun tó máa pariwo. Èémí ń lọ, èémí ń bọ̀, kò tiẹ̀ rí bíi pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èémí bíi mélòó kan, onítọ̀hún ti ṣubú. Lóòótọ́, bó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì ló pọ̀ nísàlẹ̀, èèyàn á máa mí hẹlẹhẹlẹ, orí á máa fọ́ ọ. Ìyẹn ìkìlọ̀ díẹ̀. Àmọ́ èèyàn mélòó ló mọ èyí tó wà nínú kànga tó fẹ́ wọ̀?

Ó ṣì kù. Ẹni tó di èémí mú ṣì ní ọ́síjìn díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn lè fara dà á fún ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ tí kò ní ọ́síjìn ń fi èémí kọ̀ọ̀kan gbá ìwọ̀nba tó kù jáde ni. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pàápàá á máa jò padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, á bá èémí lọ. Nítorí náà, mímí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń yára dáni kú ju àìmí rárá lọ. Mo mọ̀ pé ó ṣòro gbà gbọ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn èèyàn tí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń wa bàálù ò rẹ́rìn-ín sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá tú kúrò nínú bàálù tó wà ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè, láàárín ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan ni ọpọlọ èèyàn á ti dàrú débi pé kò ní lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ fún ìyálọ́mọ pé kó kọ́kọ́ fi ìbòmú sójú ara rẹ̀ kó tó fi sójú ọmọ. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá yẹn ní ojo.

Ọgbọ́n tó kù lọ́wọ́ alágbára ni pé òun á di èémí mú, òun á sáré lọ, òun á sáré bọ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e lọ. Ó ń ki ẹsẹ̀ bọ inú ihò tí àwọn tó gbẹ́ kànga ti gbẹ́ sí ara ògiri, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ó dé ìsàlẹ̀, omi mu ún dé ojúgun, ibẹ̀ há débi pé èjìká rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ẹni tó wá gbé ti ká sílẹ̀, ara rẹ̀ tutù, ó ń yọ̀, ó sì wúwo ju bó ṣe ń wúwo nígbà tó bá wà láàyè ara rẹ̀. Kò sí bí ó ṣe fẹ́ mú un lábẹ́ apá tí kò ní bẹ̀rẹ̀, ibi tó sì bẹ̀rẹ̀ sí yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ ti burú jù. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù wúwo rí mọ̀ pé àyà máa ń ṣí fúnra rẹ̀, kì í tọrọ àyè. Ó mí. Àwọn tó wà lókè rí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò rí i kó nàró. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ, bóyá etí kànga ló ti sọ ọ́.

Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń so àtùpà tàbí àbẹ́là mọ́ okùn, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá kú, wọn ò ní wọlé. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí àbẹ́là máa ń kú bí ọ́síjìn bá ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 16%. Àmọ́ iná tó kú ló sọ̀rọ̀. Iná tó ń jó kò sọ pé kò séwu. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í pa àbẹ́là, èèyàn ló ń pa. Nínú sọ́kàwéè ẹ̀wẹ̀, gáàsì ibẹ̀ lè gbaná mọ́ ẹni tó mú iná wá lójú. Àwọn tó máa ń ní "àná ni mo wọ̀ ọ́, kò ṣe mí ní nǹkan" náà wà. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, tí afẹ́fẹ́ òkè kò bá fi bẹ́ẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ á máa jáde sínú kànga. Kànga àná kọ́ ni kànga òní.

Ní 1986, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ààbò àwọn òṣìṣẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àwọn tó ń kú síbi híhá báyìí, ó lé ní 60% tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ gbani là ni wọ́n. Ìṣirò yẹn ti pẹ́, ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ṣe é, mi ò ní búra pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní kànga tiwa. Ẹ gé e sí méjì bí ẹ bá fẹ́. Ó ṣì pọ̀ jù.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan tiẹ̀ ní òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó kọ̀ láti ran ẹni tó wà nínú ewu lọ́wọ́. Ti Brazil wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn wọn ti 1940, ní abala 135. Ti Faransé wà ní abala 223-6. Àwọn méjèèjì ló yọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ bá ti máa fi ẹ̀mí olùrànlọ́wọ́ sínú ewu sílẹ̀. Òfin tó fẹ́ fi túláàsì sọ èèyàn di aláàánú gan-an mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

Níbo wá ni ìgbàgbọ́ pé ojo ni ẹni tí kò wọlé ti ń rí oúnjẹ jẹ? Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ṣe é tó sì bọ́ sí i ni. Ọmọ kékeré já sínú kànga tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́, ó ń ké, ọkùnrin kan wọlé, ó gbé e jáde, gbogbo ọjà pàtẹ́wọ́. Ó tọ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Àmọ́ omi ni ewu tọmọ yẹn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò burú. Ẹni tó ń pariwo nísàlẹ̀ ń mí. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, tó ń sọ̀rọ̀, tó wá dákẹ́ lójijì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, mi ò sì mọ ìgboyà tó lè mú afẹ́fẹ́ yẹn dára.

Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ọpọlọ tí kò rí ọ́síjìn kò sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, panápaná kì í sì sábà dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin níbikíbi tí mo mọ̀. Nítorí náà, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó dúró létí kànga ń dúró de òkú ni. Bóyá ẹni tí wọ́n ti so okùn mọ́ dáadáa, tí àwọn géńdé mẹ́rin dì í mú lókè, lè gbìyànjú, kí wọ́n fà á padà tó bá ti dákẹ́. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí wọ́n pe 112 (ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́), kí wọ́n ju okùn sí ẹni tó bá ṣì lè gbá a mú, kí wọ́n sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sísàlẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti sá lọ gba ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ fọ́kánáísà. Rọ́bà rẹ̀ tín-ín-rín, ó lè má tó, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹlòmíràn tún wọlé lọ.

Ẹ̀yin tó ń pe èèyàn wá ko kànga, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ láti fi fa omi, kódà bó jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹnu kànga. Ẹ má jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ wọlé láìso okùn mọ́ra, kí ẹni tó di okùn mú má sì torí ẹ̀kọ àti àkàrà kúrò níbẹ̀. Okùn ọ̀hún, abẹ́ apá méjèèjì ni kó gbà, kó kọjá sí èjìká, má ṣe jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ìbàdí nìkan. Ẹni tó dákú tí wọ́n fi ìbàdí fà á, á ká po sí méjì, á sì há sára ògiri kó tó dé òkè.