Ajọra-ẹni-lójú ni kẹ́ ẹ máa pè é

Ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin níbí, ọ̀rọ̀ Faransé kan ti di èébú lẹ́nu ẹnikẹ́ni tí àárín òun àti olólùfẹ́ rẹ̀ bá dàrú: pervers narcissique, ìyẹn ẹni tó ń wá ìyìn ṣáá, tó sì ń fi àrékérekè fìyà jẹ ọkàn ẹlòmíràn. Ọkọ tó gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyàwó, òun ni. Ọ̀gá tó jágbe mọ́ni, òun náà ni. Racamier, oníṣègùn ọpọlọ ará Faransé, ló gbé orúkọ náà jáde láàárín 1980 sí 1990, kò sì sí nínú DSM, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ láti 1980, àìsàn ìwà tí wọ́n ń pè ní narcissistic personality disorder, ní àmì 9 lónìí. Ó kéré tán, 5 gbọ́dọ̀ pé kí dókítà tó sọ pé èèyàn ní in.

Lédè Yorùbá, àwọn kan wá ń pè é ní "ìfẹ́-ara-ẹni". Ìkà wo ló wà nínú kéèyàn fẹ́ràn ara rẹ̀? Àwọn tó ní "ìgbéraga" ló bí mi nínú jù. Agbéraga lè dá jókòó kí ìgbéraga rẹ̀ tó o. Eléyìí ò lè gbé láìsí ẹni tí yóò máa yìn ín. Kí Freud, oníṣègùn ọpọlọ ará Austria, tó kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1914 làwọn bàbá wa ti ń sọ pé "ó jọ ara rẹ̀ lójú". Ojú wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìtàn Narcissus ará Gíríìsì tó ń wo àwòrán ara rẹ̀ nínú omi. Ajọra-ẹni-lójú nìyẹn. Kí la tún ń wá?

Ìyìn tẹ́ ẹ bá bù fún un, inú ajere lẹ bu omi sí. Ẹ ń pọn ọ́n láti àárọ̀, ilẹ̀ ń mu ún. Tó bá dalẹ́, ajere á bi yín pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè pọnmi kún ìkòkò kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà á wá máa wo ẹsẹ̀ yín, pé bóyá lóòótọ́ lẹ kì í yára.

Ajọra-ẹni-lójú á kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò yín mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sóhun tẹ́ ẹ ṣe tó dáa. Ó sọ̀rọ̀ lánàá, lónìí ó ní òun ò sọ ọ́. Ìyá yín àtọ̀rẹ́ yín di ọ̀tá. Àwọn onímọ̀ tún pín wọn sí aláriwo àti onítìjú, àmọ́ ìyà kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tó bá wọn gbé.

Ẹ yé ṣàlàyé ara yín lọ títí. "Mo ti gbọ́" tó. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, níbi tí kò ní í rí i. Ẹ má já okùn ẹbí. Ẹ má sì pè é lórúkọ yìí lójú ara rẹ̀, ìjà nìyẹn ń bí. Bó bá di lílù tàbí ìhàlẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Òfin 2011-26 tí ilẹ̀ Benin gbé jáde ní oṣù kìíní 2012 ka ìyà ọkàn tí wọ́n fi jẹ obìnrin mọ́ ìwà ipá, kì í ṣe ojú egbò nìkan.